Gbogbo Ọ̀nà Tí Mo Fi Pa Maṣíìnì Títí A Fi Dé Ẹ̀dúnàbọ̀n

Ẹni tí kò gun alùpùpù rí á rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà pa á: kéèyàn yí kọ́kọ́rọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí, tí mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin kí n tó sá fún pàṣán tíṣà, mo mọ ọ̀nà tó tó méje, èmi fúnra mi ni mo sì dá méjì sílẹ̀ nínú wọn.

Maṣíìnì tí mo fi ń gbé èrò ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 kò ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún já bọ́ sódò lọ́jọ́ tí mò ń fọ maṣíìnì, ẹja kan sì gbé e mì lójú mi báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ ẹja ní Ifẹ̀ tí nǹkan kán yín léyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wáyà méjì ni mò ń so pọ̀ kó tó lè tan. Mo lè já wáyà náà bí mo bá fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ mi bá tutù, iná á gbé mi jìgìjìgì, ni mo bá kúkú ń wá ọgbọ́n mìíràn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹnu epo. Ẹnu epo yìí, ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, wà lábẹ́ táǹkì, kò tóbi ju etí ọmọ ewúrẹ́ lọ. Bí èèyàn bá tì í, maṣíìnì kò ní kú lójú ẹsẹ̀. Epo tó ti gbé mì tẹ́lẹ̀ ni yóò máa jẹ lọ, títí yóò fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí yóò sì dákẹ́. Àsìkò tí à ń tò fún epo láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni, ìkán kan ò gbọdọ̀ ṣòfò. Bí mo bá ti ẹnu epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Òkè-Ògbó, ẹnu ọ̀nà ilé wa gan-an ló máa kú sí. Ó sì wà tí èèyàn lè fi jíà tó ga jù sí i, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó wá já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Á fò sókè bí àgbò tí wọ́n fà létí, á sì kú. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń fi gìgísẹ̀ dí ẹnu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde. Títí dòní, gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń ta sánsán bí adìyẹ sísun, ajá sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ti púlọ́ọ̀gì nìkan ni mo bẹ̀rù. Fìlà dúdú kan ló wà lórí púlọ́ọ̀gì, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ṣí fìlà yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ onítọ̀hún lè kú tẹ̀lé e.

Ìyàwó mi mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ẹ̀dúnàbọ̀n ni, ọmọ Mùsùlùmí gidi, tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti Ìwó wá. Ọdún mẹ́rin la jọ gbé, a ò tíì bímọ. Òun ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ púlọ́ọ̀gì fún mi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, á fọ̀ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á gbé e sókè wò lójú oòrùn bí ẹni ń wo ẹyin. Bó bá ti gbọ́ ikọ́ àkọ́kọ́ maṣíìnì láti ọ̀dọ̀ mọ́ṣáláṣí, á ti gbé omi ìwẹ̀ mi kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá ń fi ẹ̀rín sí i, ẹ má bínú, ẹnu mi ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé èrò dé Ẹnuwá, níwájú ààfin, mo sì lọ bá àwọn onímaṣíìnì ẹgbẹ́ mi lábẹ́ igi tí a máa ń dúró sí. Ọwọ́ òwúrọ̀ ni, oòrùn ò tíì mú. Mo jókòó sórí maṣíìnì mi, mo ń sọ ìtàn alùpùpù kan fún wọn, èyí tí mo gùn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tó kọ̀ láti kú. Mo ní mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń lọ. Mo ti ẹnu epo, ó ń lọ. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi sápò, ó ń lọ. Ìgbà tó sú mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Ìgbà tí yóò fi padà dé, ó ti ra àkàrà bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo dé, tí gbogbo wọn ń di inú mú, nígbà tí obìnrin kan tó máa ń kó ẹ̀gẹ́ wá tà láti Ẹ̀dúnàbọ̀n já sí wa lára. Ó mọ̀ mí, torí àdúgbò kan náà ni òun àti ìyá ìyàwó mi.

"Ọkọ ọmọ wa," ló wí, "wọ́n ní kí n sọ fún yín, kí ìyàwó yín máa bọ̀ nílé lónìí. Ara ìyá rẹ̀ ò yá rárá. Orúkọ rẹ̀ ló ń pè láti ìdájí."

"Mo ti gbọ́, ìyá. Mò ń lọ pè é báyìí."

"Báyìí báyìí o!"

"Ẹ ò rí ẹsẹ̀ mi lórí kíìkì?"

Ẹsẹ̀ mi sì wà lórí kíìkì, irin tí a ń tẹ̀ kí maṣíìnì tó tan, lóòótọ́. N ò parọ́ níbẹ̀. Obìnrin náà yí padà, ó gba ọ̀nà ọjà lọ. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ, ẹ jọ̀ọ́. Àkàrà mélòó ló rà?"

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kíìkì. Mo ní kí n kàn parí ti àkàrà. Ìgbà tí mo parí ti àkàrà, wọ́n ní ẹni tó tà á fún un ńkọ́, ṣé kò sá ni? Mo wọ inú ti ẹni tó tà á. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sórí ọlọ́pàá tó fẹ́ mú maṣíìnì náà pé kò ní ẹni tó gùn ún. Ara mi yá gágá. Ẹni tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí kò lè mọ bó ṣe ń pani bí ọtí. Ìgbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti ń pe ìrun alásàrí.

Mo sáré délé. Mo ní, "Ìyàwó, múra, ara ìyá ò yá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi, púlọ́ọ̀gì ló jó mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà." Ó fa ìborùn, ó gun ẹ̀yìn maṣíìnì. Ìgbà tí a dé Ẹ̀dúnàbọ̀n, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Àwọn ọkùnrin ń fọ ọkọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀yìn ìrun àìlà ló kú, àti pé títí tí ohùn fi lọ, ó ń bi wọ́n pé ṣé kò tíì dé ni.

Ìyàwó mi kò bi mí léèrè púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́ fún òkú, obìnrin oníẹ̀gẹ́ yẹn wá kí i, ó sì fi inú kan sọ fún un pé, "Ọmọ mi, èmi mà tètè jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí mo bá ọkọ rẹ ní Ẹnuwá, níbi tó ti ń fi ìtàn àkàrà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín." Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo bojú wo ilẹ̀, mo ń ka eèrà.

A padà sí Ifẹ̀. Ó sùn níbẹ̀ lóru méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó di ẹrù aṣọ rẹ̀, ó gbá ilé, ó da omi ìkòkò nù.

"Ẹ gbé mi lọ sílé bàbá mi," ló wí. "Mọ́tò ò sí nítorí epo, ǹ bá ti lọ fúnra mi."

Mo mọ̀ pé bó bá wọ ilé yẹn, ó parí. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń dá ọmọ padà. Ohun tó kù fún mi ni ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè bẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí maṣíìnì, atẹ́gùn á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Maṣíìnì gbọ́dọ̀ dúró. Mo bá ní lọ́kàn mi pé, ìwọ tí o mọ ọ̀nà méje, òní ni wọn yóò wúlò.

A kọjá geètì yunifásítì díẹ̀. Mo rọra sọ ọwọ́ òsì kalẹ̀, mo ti ẹnu epo. Maṣíìnì gbé wa lọ síwájú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́ sábẹ́ igi kan tó ní òjìji. Èmi ni mo yan igi náà.

"Kí ló ṣe é?"

"Ìdọ̀tí ni. Epo ìsinsìnyí, ìdajì rẹ̀ iyanrìn ni. Sọ̀ kalẹ̀ ká sinmi, yóò yọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo tẹ́ ẹ sórí koríko fún un. Kò jókòó.

"Ìyàwó mi," mo ní, "bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, ṣé ilé bàbá rẹ ló kàn? Jẹ́ ká pe àwọn àgbà. Kí wọ́n bú mi. Kí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ táǹkì, mo gbọ́ kó! Ó ti ṣí i.

"Ìdọ̀tí náà ti yọ́," ló wí. "Ọlọ́kadà, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọdún mẹ́rin ló fi ń pè mí ní ọkọ mi. Ọjọ́ náà ni mo di ọlọ́kadà.

A dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Mo fi jíà tó ga jù sí i, mo tẹ bíréèkì, mo já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Maṣíìnì fò, ẹrù rẹ̀ sì já bọ́ sílẹ̀. Aṣọ ìyá rẹ̀ kan, àdìrẹ tó ti ṣá, ló yọ jáde nínú ẹrù náà. Mo fẹ́ bá a ṣà á, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì ká a pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń pọ́n ọmọ tó ti sùn.

"Orí òkè, jíà kẹrin," ló wí. N ò tíì rí ìgbà tó pariwo rí, kò pariwo lọ́jọ́ náà. "Ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ ni? Ẹ gùn ún dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹrù mi ò pọ̀, ẹ má bà á jẹ́."

Ó yẹ kí n gbọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé Ẹ̀dúnàbọ̀n lókèèrè, páànù wọn ń dán lójú oòrùn. Mo na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ yẹ nǹkan wò, mo fa fìlà púlọ́ọ̀gì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń lọ. Iná gbé mi. Ẹ gbọ́, mo rí bàbá bàbá mi tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó jókòó sórí àga, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀dẹ̀, padà síbi tó o ti wá." Ìgbà tí ojú mi wálẹ̀, maṣíìnì ti dúró, ìyàwó mi sì dúró níwájú mi.

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó fi síbẹ̀. Mo ní, "Púlọ́ọ̀gì ló jó."

Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó lórí ẹrù náà, ohun tí mo ti ń wá láti àárọ̀, ó sì wò mí lójú.

"Ṣé púlọ́ọ̀gì ọjọ́sí náà nìyí?"

Mo ń nu ọwọ́ mi sí ṣòkòtò.

"Ẹ sọ òótọ́ kan fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Nígbà tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ ìyá mi fún yín, kí ló dé tí ẹ ò dìde? Bí ẹ bá sọ ọ́ fún mi báyìí, ní orúkọ Ọlọ́hun, màá bá yín padà sí Ifẹ̀. Màá sunkún, màá sì bá yín padà."

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kéré. Ìtàn mi dùn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ìyá tó ń pe ọmọ láti ìdájí á ṣì máa pè é títí di ìrọ̀lẹ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wá sí ẹnu mi. Ó dúró lórí ahọ́n mi, mo ń tọ́ ọ wò. Mo wá rí i pé bí mo bá sọ ọ́, títí ayé ni obìnrin yìí yóò mọ irú ẹni tó ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ fún. Ẹ̀rù bà mí.

Mo ní, "Kòkòrò kan ló ta mí lẹ́sẹ̀."

"Kòkòrò."

"Ní Ẹnuwá níbẹ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sórí kíìkì, obìnrin yẹn rí mi. Bí mo ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́, kòkòrò náà bà lé mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó tóbi tó ẹyẹlé. Ẹsẹ̀ mi kú tipiri títí di alásàrí. Mo wá ń sọ ìtàn fún wọn kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kú…"

Ó jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan àwọ̀ ìyẹ́ kòkòrò náà, tí mo ní ó pupa. Ìgbà tí mo dákẹ́, ó dìde.

"Ẹ ṣé," ló wí.

Ó fi etí ìró rẹ̀ di fìlà púlọ́ọ̀gì mú, kí iná má baà gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó gbé ẹrù. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ kíìkì, ó tan lẹ́ẹ̀kan. Maṣíìnì tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀meje ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló tan lọ́jọ́ náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ ọmọ kì í gun maṣíìnì wọ iwájú ilé àna rẹ̀. Ibi tó jìnnà sí ilé ni yóò ti pa á, yóò wá máa tì í bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fa ẹran, kó lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa kí àna sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìgbà tí a dé ìdí ilé kẹta sí tiwọn, mo na ọwọ́ sí wáyà láti já a.

"Ẹ má pa á," ló wí.

"Ilé bàbá wa nìyí."

"Ilé bàbá mi ni. Ẹ má pa á. Ẹni tó bá pa maṣíìnì níwájú ilé yìí, wọ́n á gbé omi fún un, wọ́n á ní kó jókòó. Ẹni tó gbé ẹrù wá kì í pa á."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gùn ún wọ iwájú ilé àna mi pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bàbá rẹ̀ jáde, tèsùbáà lọ́wọ́. Mo fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ gbé maṣíìnì dúró, mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kí wọn. Ariwo ẹ́ńjìnnì jẹ ìkíni náà. Mo rí i tí ètè bàbá mì, n ò mọ̀ bóyá wọ́n dá mi lóhùn tàbí tèsùbáà ni wọ́n ń kà lọ. Ìyàwó mi kọjá lára wọn, ó wọlé. Kò wẹ̀yìn. Bàbá tẹ̀lé e.

Mo jókòó sórí maṣíìnì, mo jẹ́ kó máa lọ. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ èyí fún yín. Epo tí mo rà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju èyí tó lè gbé wa dé ìdajì ọ̀nà kó sì gbé wa padà, torí mo ti dájú pé ìdajì ọ̀nà la ó ti yí padà. Ó ti fẹ́ tán báyìí. Mo wá ro ó pé bó bá fúnra rẹ̀ kú, kì í ṣe èmi ni mo pa á, wọ́n á sì ní láti gbé omi jáde. Mo ń retí ikú rẹ̀ bí ẹni ń retí ọba. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wúkọ́, ó tún gbéra, ó wúkọ́, ó dákẹ́.

Iwájú ilé pa rọ́rọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ń béèrè ibi tí wọ́n gbé ọpọ́n ìyá rẹ̀ sí, ẹnì kan sì dá a lóhùn pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi omi ṣan nǹkan. Mo jókòó títí ẹ́ńjìnnì fi tutù, tí mo lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Kò sẹ́ni tó jáde. Omi ò jáde.

Mo yí maṣíìnì kọjú sí Ifẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Nígbà tí à ń lọ, òkè kan péré la gùn. Nígbà tí mo ń bọ̀, òkè ni gbogbo rẹ̀.